Tuntun inú páálí àbí tòkunbọ̀: láptọ́ọ̀pù tí kò wọ́n fún ará Òṣogbo

Ẹni tó bá rìn láti Ọláìyá lọ sí Òkè-Fìà, tó ń béèrè láptọ́ọ̀pù tí kò wọ́n, oríṣi méjì ni wọ́n máa gbé síwájú rẹ̀. Ọ̀kan wà nínú páálí, ó tuntun, ó fẹ́lẹ́, ó ń dán. Èkejì jẹ́ tòkunbọ̀, ara rẹ̀ ti ha díẹ̀, òṣìṣẹ́ kan ní òkè òkun ló ti lò ó rí. Iye owó wọn lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ojú máa ń fa ni sí ti inú páálí, òun náà sì ni èmi kọ́kọ́ rà.

Àbúrò mi obìnrin ni mo rà á fún nígbà tó wọlé sí UNIOSUN ní Òkè-Baálẹ̀. Kí ọdún tó yí po, kò sí àyè kankan nínú rẹ̀ mọ́. Windows fẹ́ ṣe ìmúdójúìwọ̀n, kò ráyè. Bó bá ṣí Word pọ̀ mọ́ ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ẹ̀rọ náà á dákẹ́, á máa wò ó. A gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe pé kó bá wa fi kún RAM rẹ̀. Ó tú u, ó sì fi hàn wá pé òjé ni wọ́n fi jó RAM náà mọ́ bọ́ọ̀dù, kò ṣe é yọ, kò ṣe é fi kún. Owó yẹn ti lọ nìyẹn. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí, kí owó ẹlòmíràn má baà gba ibẹ̀ lọ.

Ohun tó wà nínú wọn

Púpọ̀ nínú àwọn tuntun olówó pọ́ọ́kú, Celeron ni ọpọlọ (processor) wọn, RAM wọn jẹ́ 4GB, ibi ìpamọ́ wọn sì jẹ́ eMMC 64GB, irú èyí tí kì í yára. Àwọn kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ 32GB. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá wa kan tó ń ta àdìrẹ nìyí: RAM ni tábìlì tí ẹ ń tẹ́ aṣọ sí fún oníbàárà, ibi ìpamọ́ ni yàrá tí ẹ ń kó ìyókù sí. Bí tábìlì bá kéré, ẹ ó máa wọlé wọ̀de ṣáá. Windows 11 nìkan ti gba apá tó pọ̀ nínú tábìlì 4GB kí ẹ tó tẹ́ aṣọ kan ṣoṣo. Òótọ́ ni pé Microsoft fọwọ́ sí 4GB àti 64GB fún Windows 11, àmọ́ ìwọ̀n tó kéré jù lọ tó lè gbé e dúró nìyẹn. Iṣẹ́ yín kò tíì sí níbẹ̀.

Àwọn tòkunbọ̀ tí mò ń sọ ni HP EliteBook, Dell Latitude àti Lenovo ThinkPad. Ilé iṣẹ́ ńláńlá ni wọ́n ṣe wọ́n fún, tí wọ́n bá sì ti lò wọ́n fún ọdún mélòó kan, wọn a kó wọn dànù lápapọ̀, wọn a ra tuntun. Ibẹ̀ ni tiwa ti ń wá. RAM 8GB àti SSD (ibi ìpamọ́ tó yára) 256GB kò ṣọ̀wọ́n nínú wọn. Kíbọ́ọ̀dù wọn gba ìtẹ̀, èyí tí ẹni tó ń tẹ project olójú ewé ọgọ́rin máa mọ iyì rẹ̀. EliteBook 840 àti ThinkPad T480 ní ojú RAM méjì tó ṣe é ṣí, nítorí náà bí apá bá ká a lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ lè sọ 8GB di 16GB láìra ẹ̀rọ míì.

Níbi ká ṣí Word, ká ṣe ìṣirò ọjà lórí Excel, ká wọ Zoom, ká fi àwòrán ránṣẹ́, tòkunbọ̀ tó dáa fi Celeron 4GB sílẹ̀ jìnnà. Ọkàn mi kò ṣiyèméjì lórí ìyẹn.

Ìran kẹfà àbí ìran kẹjọ?

Gbogbo tòkunbọ̀ kò rí bákan náà, ibi tí wọ́n sì ti ń rẹ́ ènìyàn jẹ jù nìyí. Wọ́n á ní "Core i5 ni", ẹ ó sì sanwó. Core i5 jẹ́ ọpọlọ tí ilé iṣẹ́ Intel ṣe, ìran rẹ̀ ló sì ń sọ bó ṣe tuntun tó. Ẹ bá mi wo nọ́ńbà tó tẹ̀lé i5 náà. Ní i5-6300U, 6 ló ṣáájú, ìran kẹfà ni. i5-8350U jẹ́ ìran kẹjọ. Bó bá jẹ́ i5-10310U, ìran kẹwàá ni.

Ọpọlọ ìran kẹfà yẹn ní apá méjì tó ń ṣiṣẹ́ (core) nínú, ti ìkẹjọ ní mẹ́rin. Èyí tó tún wá wúwo jù ni ti Windows. Ní 14 oṣù Kẹwàá 2025 ni àtìlẹ́yìn Windows 10 parí, Windows 11 kò sì gba ẹ̀rọ Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Àwọn tó ń tà á máa ń fi ọgbọ́n gbé Windows 11 sórí ìran kẹfà. Á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n Microsoft kò ṣèlérí pé ìmúdójúìwọ̀n ààbò á máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹni tó bá sì ń fi láptọ́ọ̀pù sanwó ní báńkì kò yẹ kó fojú kéré ìyẹn.

EliteBook 840 G3 jẹ́ ìran kẹfà, owó rẹ̀ sì máa ń dín. G5 sábà máa ń jẹ́ ìran kẹjọ, àmọ́ àwọn G5 kan wà tó jẹ́ ìran keje, nítorí náà ẹ má wo orúkọ ara ẹ̀rọ nìkan. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Performance, orúkọ ọpọlọ náà á yọ síbẹ̀ ketekete. Bí owó yín kò bá ju ti G3 lọ lónìí, tó sì ṣeé ṣe kí ẹ dúró di oṣù tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró.

Ọ̀rọ̀ iná

Níbi iná, ti inú páálí ń borí, ó yẹ kí n sọ ọ́. Bátìrì rẹ̀ tuntun. Celeron kì í jẹ iná púpọ̀, nítorí náà sólà kékeré lè gbé e. Ẹni tí iná kì í sábà dé àdúgbò rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fojú fo èyí.

Bátìrì tòkunbọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn kó tó dé ọwọ́ yín, "ó ń gbé wákàtí mẹ́rin" kò sì tó ẹ̀rí. Níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ ṣí Command Prompt (ojú ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Windows), ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Á kọ ìwé kan, á sì sọ ibi tó fi pamọ́ sí fún yín. Nínú rẹ̀, ẹ fi Full Charge Capacity (ìwọ̀n iná tó lè gbà báyìí) wé Design Capacity (ìwọ̀n tó ń gbà nígbà tó tuntun). Bí wọ́n bá ṣe é pẹ̀lú 50,000, tó wá ku 25,000, ìdajì bátìrì lẹ fẹ́ rà. Ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n pè.

Tìtorí iná yìí ni mo ṣe fẹ́ràn ThinkPad T480. Bátìrì méjì ló ní, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn, tí ẹ lè yọ ti ẹ̀yìn kí ẹ sì ki òmíràn bọ̀ ọ́ láìpa ẹ̀rọ. Òun àti EliteBook 840 G5 tún ń gba ṣájà USB-C, kò ní nira láti rí òmíràn bí ti àkọ́kọ́ bá bàjẹ́.

Chromebook náà, láptọ́ọ̀pù tó ń lo ètò Google dípò Windows, wà lórí tábìlì wọn, owó rẹ̀ sì pọ́ọ́kú. Bí dátà kò bá wọ́n yín, tí Google Docs sì tó yín, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ tí ìmúdójúìwọ̀n rẹ̀ máa parí. Bó bá kọ ọ́ sí ojú rẹ̀ pé ilé ẹ̀kọ́ kan ló ń ṣàkóso rẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Èmi á rà á ní Òṣogbo níbí ju kí n lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà lọ, bí owó ibẹ̀ tilẹ̀ dín díẹ̀. Bí nǹkan bá yọnu, mo lè dé Ọláìyá ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Owó ọkọ̀ Èkó lálọ àtàbọ̀ á ti jẹ èrè tí mo rò pé mo jẹ.

Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ tún un tàn, ẹ máa tẹ F10 léraléra bó bá jẹ́ HP, F2 bó bá jẹ́ Dell, F1 bó bá jẹ́ ThinkPad, kí ẹ lè wọ BIOS, ìyẹn ètò inú ẹ̀rọ tó ń ṣáájú Windows. Bó bá béèrè páásíwọ́ọ̀dù tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ má rà á, torí ó lè jẹ́ ọjà olè, tàbí kí ilé iṣẹ́ tó ni ín ti tì í pa. Ẹ tẹ gbogbo lẹ́tà kíbọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí kámẹ́rà, ẹ fi fóònù ṣe hotspot kí ẹ wo Wi-Fi rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà ní títàn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsí ṣájà, kí ẹ jókòó tì í. Ẹni tó bá ń kánjú lé yín nígbà yẹn, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì.

Ẹ gba rìsíìtì tí serial number ẹ̀rọ náà wà lórí rẹ̀, kí wọ́n sì kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà sí i.