Ohun èlò mẹ́ta fún wíwọn kíkan ilẹ̀ ọgbà ní Abẹ́òkúta: èwo ló yẹ ká náwó sí?

Nínú ohun èlò mẹ́ta tí wọ́n sábà máa ń tà fún ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilẹ̀ ọgbà rẹ̀ ṣe kan tó kó tó gbin nǹkan sí i, pépà aláwọ̀, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà bí ilẹ̀ bá ṣe kan tó, ni mo fọwọ́ sí fún ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Owó rẹ̀ kò tó owó àpò ajílẹ̀ oyìnbó kan, kò nílò bátìrì, bí a bá sì lò ó bó ṣe yẹ, ohun tó bá fi hàn ṣeé gbára lé. Ẹ̀rọ onírin gígùn tí wọ́n ń kì bọ ilẹ̀, tí abẹ́rẹ́ orí rẹ̀ ń yí, ni n kò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti rà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní Ọbáńtokò, Àsẹ̀rọ̀ àti gbogbo agbègbè wọn gan-an. Orí àpáta ni ìlú wa wà, ojú ilẹ̀ wa sì sábà máa ń ní yanrìn, nítorí náà òjò tó ń rọ̀ láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá a máa ṣan kálísíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù lọ sí ìsàlẹ̀, ilẹ̀ a sì máa kan sí i. Yúríà tí à ń fọ́n lọ́dọọdún náà ń dá kún un. Láti 0 dé 14 ni wọ́n ń ka ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní pH. Ilẹ̀ tó bá wà nísàlẹ̀ 7 ni ilẹ̀ tó kan. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òǹkà tí à ń fi ka owó: ilẹ̀ tó wà ní 5 kan ju èyí tó wà ní 6 lọ ní ìlọ́po 10. Tòmátì, ilá àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀fọ́ fẹ́ kó wà láàárín 6 sí 7. Tó bá ti lọ sísàlẹ̀ 5.5, alumíníọ̀mù inú ilẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, a máa pa gbòǹgbò lára, a sì máa di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú débi pé ajílẹ̀ tí a fowó rà kò ní ṣe ohun ọ̀gbìn láǹfààní tó. Ẹ̀gẹ́ fara dà á jù wọ́n lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wo bí ẹ̀gẹ́ ṣe ta dáadáa níbì kan, kó wá rò pé tòmátì náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń lo pépà náà rèé. A ó bu ilẹ̀ láti ibi púpọ̀ nínú ọgbà, ní jíjìn 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà, a ó pò ó pọ̀ nínú ike mímọ́, a ó sá a sí ibòji títí yóò fi gbẹ, a ó sì ṣa òkúta àti gbòǹgbò kúrò. Ìwọ̀n ilẹ̀ àti omi kan náà ni a ó rò pọ̀, a ó fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹrẹ̀ lè silẹ̀, lẹ́yìn náà ni a ó ti pépà bọ omi tó tòrò lókè, a ó sì fi àwọ̀ rẹ̀ wé àwọn àwọ̀ tó ní nọ́ńbà pH lára páálí rẹ̀ ní ojúmọmọ. Omi tí a bá lò ṣe pàtàkì púpọ̀. Omi kànga, omi ẹ̀rọ àti omi inú ọ̀rá ní pH tiwọn, wọ́n sì lè yí èsì padà. Omi aláìléròjà tí àwọn tó ń ṣe bátìrì ọkọ̀ ń tà ló dára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi wọ́n dáadáa kí ẹ tó sanwó, nítorí ásíìdì bátìrì náà wà lórí àtẹ kan náà, a sì máa jó ara.

Àléébù pépà ni pé kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín 5.6 àti 5.9, ẹrẹ̀ pupa sì lè ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ bí a kò bá ní sùúrù. Bí atẹ́gùn olómi bá wọnú páálí, ó ti bà jẹ́ nìyẹn.

Ní ti ẹ̀rọ onírin, iná díẹ̀ tí irin oríṣi méjì ń mú jáde nínú ilẹ̀ tútù ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń kà, nítorí náà bí ilẹ̀ ṣe tutù tó àti ajílẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ló sábà máa ń darí rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ibi tí pépà ti fi ohun tó wà láàárín 5 sí 6 hàn nínú ọgbà mi, ẹ̀bá 7 ni abẹ́rẹ́ náà dúró sí. Ẹni tó bá gbà á gbọ́ yóò gbin tòmátì sínú ilẹ̀ tí yóò jẹ ẹ́ níyà.

Ohun èlò kẹta, ẹ̀rọ kékeré bíi bírò, oníbátìrì, dára ju pépà lọ fún ẹni tó ń gbìn fún títà. Àmọ́ a gbọ́dọ̀ máa fi omi ìdíwọ̀n pH 4.01 àti 6.86, ìyẹn omi tí a ti mọ pH rẹ̀ dájú, tún òǹkà rẹ̀ ṣe, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí gíláàsì ẹnu rẹ̀ gbẹ.

Kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè sọ iye láìmù, ohun tí à ń pò mọ́ ilẹ̀ láti dín kíkan rẹ̀ kù, tí ilẹ̀ nílò, nítorí ilẹ̀ alámọ̀ ń gba láìmù ju ilẹ̀ oníyanrìn lọ bí pH wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ńtì, tí wọ́n bá lọ̀ ọ́ kúnná, ni láìmù yìí; eérú igi láti ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí náà ń dín kíkan kù, ṣùgbọ́n àpọ̀jù rẹ̀ léwu. Bí pépà bá fi ohun tó wà nísàlẹ̀ 5.5 hàn, ẹ di ìyókù ilẹ̀ gbígbẹ yẹn sínú ọ̀rá mímọ́, ẹ gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò ilẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ fẹ́ gbìn fún wọn, kó tó di pé òjò àkọ́rọ̀ bẹ̀rẹ̀.