Ọdún mẹ́ta pẹ̀lú omi òkun ní pálọ̀ wa: láti tánkì 60 lítà dé 250 lítà

Ọdún kẹta rèé tí omi òkun ti wà ní pálọ̀ wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Tánkì ẹja 60 lítà ni mo fi bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí wọ́n to gbogbo ẹ̀rọ rẹ̀ pọ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ni mo lò ó kí n tó ra èyí tó wà níbẹ̀ báyìí, 250 lítà, tó ní àpótí omi kejì nísàlẹ̀, èyí tí gbogbo àwa tó ń sin iyùn (coral, ohun ẹlẹ́mìí inú òkun) ń pè ní sump. Ká sọ tòótọ́, ńlá yìí rọ̀ mí lọ́rùn ju kékeré lọ, bẹ́ẹ̀ kékeré ni wọ́n máa ń tà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Omi inú tánkì ń gbẹ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ kì í bá a gbẹ. Iyọ̀ inú omi òkun tó nǹkan bí gíráàmù 35 nínú kílò kan. Mo lọ síbi ìgbéyàwó ní Birmingham lọ́jọ́ Jímọ̀, ọjọ́ Ajé ni mo padà dé. Nǹkan bí lítà mẹ́rin ti gbẹ nínú tánkì kékeré náà, iyọ̀ sì ti gòkè dé 38. Gbogbo iyùn tó wà níbẹ̀ ló ká ara jọ bí ìka ẹni tí òtútù mú. Tó bá jẹ́ inú 250 lítà ni lítà mẹ́rin ti gbẹ, iyọ̀ ò ní fi gíráàmù kan pọ̀ sí i.

Hítà náà dá mi lágara. Lóṣù kọkànlá ọdún àkọ́kọ́, èyí tó bá tánkì kékeré wá kọ̀, kò pa ara rẹ̀ mọ́. Aago márùn-ún ìdájí ni mo jí láti múra iṣẹ́, mo fọwọ́ kan dígí, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tẹmómítà ń fi 31 hàn, nígbà tó jẹ́ pé 25 sí 26 ló yẹ. Mo yọ pọ́lọ́ọ̀gì, mo rọ yìnyín sínú ike, mo dé e pa, mo jẹ́ kó máa léfòó lójú omi kó lè tutù díẹ̀díẹ̀. Edé kan àti iyùn mẹ́ta ló bá a lọ. Hítà kéékèèké méjì ni mo ń lò báyìí, mo sì so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ kan tó ń já iná bí omi bá ti ju 26.5 lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀mí ẹja yín lé hítà kan ṣoṣo lọ́wọ́.

Omi fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá ń gbé Lọ́ńdọ̀nù mọ efun tó ń dì sí ìdí kẹ́tù. Omi ẹ̀rọ ibí le, fosfeti sì wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn iléeṣẹ́ omi ń fi sí i kí òjé inú páìpù àtijọ́ má baà yọ́ wọ omi. Ó dáa fún àwa èèyàn, àmọ́ oúnjẹ ni fún ewéko omi. Ẹ̀rọ asẹ́ RO/DI ni mo fi ń sẹ́ ẹ. Bí omi bá ń wọlé, ìwọ̀n ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ máa ń jẹ́ 300 lórí mítà; bó bá jáde, á di 0. Omi tó bá dà nù ni mo fi ń fọ ilé. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń po iyọ̀ sí i, nǹkan bí kílò kan sí lítà 25. Kì í ṣe iyọ̀ ìsebẹ̀ o. Kalisíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí kalisíọ̀mù wà lára ohun tí iyùn fi ń kọ́ egungun ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n dá ohun kan péré mú nínú gbogbo ohun tí mo rà, ẹ̀rọ asẹ́ yìí ni màá dá mú, kódà ṣáájú iná aláwọ̀ búlúù tó gba owó jù.

Sùúrù ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo ṣe kí ẹja kankan tó wọ tánkì kékeré. Ìgbẹ́ ẹja ń di ammonia, ammonia sì ń pa ẹja. Àwọn bakitéríà kan ló ń sọ ọ́ di nitrite, àwọn mìíràn á wá sọ nitrite di nitrate, tí oró rẹ̀ ò pọ̀. Ara òkúta ni wọ́n ń gbé. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kí òkúta gbẹ rárá lọ́jọ́ tí a ń kó lọ sínú ńlá. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni a kó wọn sí, pẹ̀lú omi tánkì tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀, pọ́ǹpù kan ń ru ú. Iyanrìn àtijọ́ ni mo dà nù, torí ìdọ̀tí oṣù mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀.

Àbúrò ọkọ mi tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ló wá bá wa gbé e kalẹ̀. Mo ti ń wá bọ́kẹ́ẹ̀tì omi nígbà tó sọ pé, “Ìyàwó wa, ẹ fara balẹ̀ ná,” ló bá yọ lẹ́fẹ́ẹ̀lì, èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń wo bóyá nǹkan dọ́gba. Apá òsì fi mìlímítà mẹ́rin rẹlẹ̀. Omi nìkan ti ju 250 kílò lọ, ká má tíì ka òkúta àti dígí. Ó sọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ di dídọ́gba kí ẹ̀kán omi kan tó wọ ibẹ̀. Nígbà tí omi kún, ó tún ní ká pa iná pọ́ǹpù tó ń gbé omi sump lọ sókè, ká wo ibi tí omi máa dé. Ẹsẹ̀ kan náà ni omi òkè ń ya sínú sump, ìka méjì ló kù kó kún bò. Ẹnu páìpù tó ń dá omi padà ló jìn jù nínú omi, ó sì ń fa omi sẹ́yìn. A gbé e sókè, a pa iná lẹ́ẹ̀mẹta, mo wá fi téèpù pupa sàmì sí ibi tí omi ò gbọ́dọ̀ kọjá.

Àbùkù ọjà náà wà. Irin tí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ fi ń ṣí dípẹtà kí oṣù kẹjọ tó pé, nítorí omi iyọ̀ tó ń ta sí i lára. Omi tó ń bọ́ sísàlẹ̀ sì pariwo gan-an títí mo fi mọ bí a ṣe ń yí fáàfù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Dígí rẹ̀ ni mo yìn, ó mọ́ kedere.

Iyùn tí wọ́n ń pè ní hammer ni ayọ̀ mi. Orí méjì ni mo rà lọ́wọ́ ẹnìkan tó gé e lára tirẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n yọ nínú òkun. Ó ti di mẹ́sàn-án. Bí iná bá tàn láàárọ̀, á kọ́kọ́ yọ orí díẹ̀, á wá máa wú, á máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Zoanthid, tó jẹ́ ìbátan iyùn, náà lẹ́wà, àmọ́ oró tó burú lè wà nínú rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ má sì se òkúta tí zoanthid bá lẹ̀ mọ́ nínú omi gbígbóná láéláé.

Màmá mi rí i lórí fóònù láti Abẹ́òkúta, wọ́n ní, “Ṣé iyùn tí à ń so sọ́rùn nìyẹn?” Mo ní kì í ṣe irú kan náà, pé iyùn pupa olówó iyebíye máa ń wá láti òkun Mẹditaréníà, àti pé egungun rẹ̀ ni wọ́n ń gé sí ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní kí n tún gbé fóònù súnmọ́ ọn.