Ọ̀gá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kábbà: ẹ lọ bá a kẹ́ ẹ tó ra modabọ́ọ̀dù

Òkun o, ẹ̀yin ará wa. Ẹni tó bá wà ní Kábbà, Mọ̀pà tàbí Ìsánlú tó ra dẹ́sítọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ẹ́ tàn án, fáànù ń yí, iná iwájú ń tàn, àmọ́ sikirínì ṣókùnkùn biribiri, kó má tíì náwó o. Kó gbé e lọ bá ọ̀gá kan tí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà nítòsí ọjà Kábbà.

Ìkẹjà ni wọ́n ti fi mọ́tò gbé ti àbúrò mi wá, ẹ ṣáà mọ bójú ọ̀nà wa ṣe rí. Ẹni tó kọ́kọ́ wò ó ní modabọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó ńlá inú ẹ̀ tí gbogbo nǹkan so mọ́, ti kú, ká lọ wá owó. Ọ̀gá yìí ò sọ bẹ́ẹ̀. Kó tó ki wáyà bọ iná rárá, ẹ̀yìn pọ́wà páàkì, àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, ló kọ́kọ́ wò, ó ní àwọn kan máa ń ní súwíìṣì pupa kékeré níbẹ̀ tí wọ́n fi ń yan iye fóòtì iná, 115 àti 230, èyí tó bá wá láti Amẹ́ríkà lè wà lórí 115, iná tiwa níbí dẹ̀ ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po méjì, téèyàn bá tàn án bẹ́ẹ̀ ó lè jó lójú ẹsẹ̀. A dúpẹ́ pé tiwa wà lórí 230.

Ó wá yọ hádìdisíìkì, ó yọ káàdì, ó yọ ráàmù pàápàá, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ó so sípíkà kékeré kan mọ́ modabọ́ọ̀dù. Mo ní ṣé ó máa ṣiṣẹ́ láìsí ráàmù ni, ó ní rárá, ariwo lòun ń wá, tó bá ti lè ké, á jẹ́ pé modabọ́ọ̀dù àti pírósẹ́sọ̀ tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀ ṣì wà láàyè, ráàmù ni wọ́n ń bèèrè. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ké píì píì! Inú mi dùn bí ìgbà tí wọ́n gbọ́ ẹkún ọmọ tuntun. Ó fi írésà nu ẹnu ráàmù, ó tì í wọlé títí tó fi dún kọ́ọ̀ lápá méjèèjì, sikirínì mọ́lẹ̀. Gbígbọ̀n lójú ọ̀nà ló tú u, kò sóhun tó kú.

Aago inú kọ̀ǹpútà náà ń padà sẹ́yìn tá a bá ti yọ ọ́ níná, ó fi bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 tuntun sí i, ó tán.

Gbogbo ẹ̀, ojú wa ló ṣe é, ó ń ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é lọ, ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn. Owó tó gbà ò sún mọ́ owó modabọ́ọ̀dù rárá. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù yẹn há gan-an, kì í tètè gbé fóònù, tí ò bá síná ẹ máa dúró dìgbà tó bá tan jẹnẹrétọ̀, ẹ má dẹ̀ lọ lọ́jọ́ ọjà. Mọ́nítọ̀ ibẹ̀, wáyà VGA nìkan ló ń gbà, tó bá jẹ́ HDMI, oríṣi wáyà mìíràn, ni tiyín, ẹ gbé mọ́nítọ̀ yín dání.