Ríìmù Tó Bá Kẹ̀kẹ́ Orí-Òkè Tuntun Wá: Èwo Ló Máa Bá Yín Kalẹ́?

Bí ẹ bá fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ orí-òkè, fírémù ni wọ́n á kọ́kọ́ fi hàn yín, lẹ́yìn náà fọ́ọ̀kì tó ń rọ̀ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà jíà. Ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ríìmù, ìyẹn òbìrí tí táyà jókòó lé. Ibẹ̀ gan-an sì làwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ti máa ń ṣọ́ owó ná, torí wọ́n mọ̀ pé olùrà kì í wobẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí mo kọ́kọ́ fowó ara mi rà, fírémù rẹ̀ ń dán bí awò, ṣùgbọ́n kò tíì pé oṣù méjì tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fi ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n bí ọ̀mùtí. Mo rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n gùn. Ìgbà tí a tú táyà, ríìmù ológiri kan la bá níbẹ̀.

Ògiri kan tàbí ògiri méjì

Èyí ló wúwo jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Ríìmù ológiri kan, alumíníọ̀mù kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ̀ bíi gọ́tà. Bí òkúta bá gbá a, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀ tó máa gbà á dúró. Ológiri méjì ní ilẹ̀ kejì lábẹ́ àkọ́kọ́, àlàfo sì wà láàárín wọn, ló bá dà bí àpótí. Ẹ mú páálí tí ìdérí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ lọ́ ọ. Kí ẹ wá lọ́ èyí tí wọ́n lẹ̀ pa. Ọwọ́ yín á sọ ìyàtọ̀ náà fún yín.

Ẹ lè dá a mọ̀ láìtú táyà. Ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́: ológiri kan máa ń rí pẹlẹbẹ, fáàfù á sì yọ gbọọrọ jáde. Ológiri méjì jìn sí i, ó sì máa ń gbé díẹ̀ nínú fáàfù mì. Bí wọ́n bá gbà kí ẹ ṣí táyà, ẹ ká ọ̀já tó wà nínú ríìmù kúrò, kí ẹ wo orí àwọn nọ́ọ̀tì kéékèèké tó mú sípóòkù, àwọn wáyà tín-ín-rín tó so ríìmù mọ́ àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Bí wọ́n bá wà lókè níbi tí túùbù ń sinmi lé, ológiri kan ni. Bó bá jẹ́ pé inú ihò jíjìn lẹ ti ń yọjú wò wọ́n, ológiri méjì ni. Ẹni tó fẹ́ gun orí gbòǹgbò àti òkúta kò gbọdọ̀ gba ológiri kan, bó ti wù kí kẹ̀kẹ́ náà wù ú tó. Ti ọmọdé tó kàn ń gùn ún kiri lórí ọ̀dà yàtọ̀.

Ojú ìsopọ̀

Ọ̀pá gbọọrọ ni ríìmù alumíníọ̀mù kí wọ́n tó ká a róbótó. Ibi tí orí méjèèjì ti pàdé sábà máa ń wà ní òdìkejì fáàfù. Wọ́n lè fi pínnì so ó, wọ́n sì lè jó o pọ̀. Èyí tí wọ́n jó lágbára jù, àmọ́ ti pínnì náà kì í ṣe jìbìtì, torí bí sípóòkù ṣe ń fà á wọnú ló ń fún ojú náà pọ̀. Ẹ fi èékánná gba ibẹ̀ kọjá. Bí etí kan bá ga ju èkejì lọ, ẹ mú òmíràn.

Sípóòkù

Ọ̀pọ̀ ríìmù tí wọ́n ń dá lẹ́bi, sípóòkù ló pa á. Ẹ̀rọ ló sábà máa ń to ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀, kì í sì í fà á dọ́gba nígbà gbogbo. Sípóòkù tó dẹ̀ á máa le, á máa rọ̀, ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá yí, títí yóò fi já níbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ kọ́ họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Bí ọ̀kan bá já, ẹrù rẹ̀ bọ́ sọ́rùn àwọn tó kù, ríìmù á wá wọ́.

Ẹ fi ìka ta wọ́n bí ẹni ń ta gìtá. Ohùn àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà yẹ kó sún mọ́ra. Ẹ má fi ti ọ̀tún wé ti òsì lẹ́yìn o: apá ibi tí jíà wà gbọ́dọ̀ le ju èkejì lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò ti fírémù kí èékánná fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ríìmù, kí ẹ wá yí i. Bí àlàfo náà bá ń fẹ̀ tó sì ń pa dé, ẹ ti rí iṣẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe kí ẹ tó sanwó.

Láàárín sípóòkù 28 àti 32, ẹni tó sanra tàbí tó fẹ́ràn àtimáa fò, 32 ni kó mú, pàápàá lẹ́yìn, torí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ru ọ̀pọ̀ ẹrù.

Alumíníọ̀mù àti kábọ́ọ̀nù

Alumíníọ̀mù máa ń jìn wọnú. Ẹ lè fi sípánà nà á padà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ gùn ún délé. Kábọ́ọ̀nù kì í jìn: yálà kó wà gbáko tàbí kó sán. Wárántì ló yẹ kẹ́ ẹ kà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wárántì kẹ̀kẹ́, àṣìṣe ẹni tó ṣe é nìkan ló ń bò, kì í bo òkúta. Àwọn ilé-iṣẹ́ ríìmù kan bíi Reserve ń bo èyí tó bá sán níbi tí ẹ ti ń gùn ún. Ní tèmi, mi ò ní tìtorí kábọ́ọ̀nù fowó kún kẹ̀kẹ́ tuntun.

Lẹ́bẹ́ẹ̀lì

622 x 30 túmọ̀ sí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ìnṣì 29, tí inú ríìmù fẹ̀ tó mm 30. 584 jẹ́ ti 27.5. Bí wọ́n bá ṣe wọ́n bákan náà, 27.5 máa ń le díẹ̀ ju 29 lọ, torí sípóòkù rẹ̀ kúrú. Bí ẹ bá rí ìpele ASTM F2043, ìyẹn ìlànà tó ń sọ irú ìlò tí wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ fún, ìpele 3 kò kọjá fífò sẹ̀ǹtímítà 61, ìpele 4 kò kọjá 122. Àwọn kẹ̀kẹ́ kan tó jọ ti orí òkè tiẹ̀ wà tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí ẹ má gbé e kúrò lórí ọ̀nà tó dán. Ẹ kà á kí ẹ tó gbé e lọ.

Lẹ́yìn ìrìn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ gbé e padà kí wọ́n tún sípóòkù fà, nítorí wọ́n á ti jókòó. Ẹ ní géèjì tí ẹ ó máa fi wọn afẹ́fẹ́ táyà: táyà tó rọ̀ jù ni òkúta máa ń gbà dé ara ríìmù. Èmi máa ń fi psi (ìwọ̀n agbára afẹ́fẹ́) 2 tàbí 3 kún ti ẹ̀yìn ju ti iwájú lọ. Bí ẹ bá gbọ́ “káń!” lórí òkúta, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ fi ìka yí etí ríìmù ká kí ẹ tó tẹ̀síwájú.