Mo fi oṣù mẹ́sàn-án kọ́ iṣẹ́ sítúdíò nílé-ìwé l'Ékòó: ṣé ó tó owó tí mo san?

Ọdún mẹ́rin ni mo ti fi ń ṣe bíìtì lórí FL Studio, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe orin, nínú yàrá mi ní Agége kí n tó forúkọ sílẹ̀. Gbogbo orin tí mo bá ṣe ló máa ń dùn nínú yàrá yẹn, àfi tí mo bá gbé e sínú mọ́tò ọ̀rẹ́ mi. Níbẹ̀ ni bẹ́ẹ̀sì á ti gbé ohùn akọrin mì pátápátá. Ohun tó lé mi lọ sílé-ìwé nìyẹn, kì í ṣe sátífíkéètì.

Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ la fi ń lọ. ₦800,000 ni mo san, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì pín in san. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí mo fẹ́ bú wọn díẹ̀ níwájú.

Oṣù méjì àkọ́kọ́ sú mi. Físíìsì lásán ni: ìró máa ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, etí ọmọ ènìyàn kì í gbọ́ ju nǹkan bíi 20 kHz lọ (ìyẹn ìró tó ń gbọ̀n ní ìgbà 20,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀ ní 44.1 kHz tàbí 48 kHz, torí iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń ka ìró láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Mo ń sùn ní kíláàsì. Àṣé ibẹ̀ gan-an ni owó mi wà.

Ọjọ́ tí bàbá onígángan kan wá ká ìlù sílẹ̀ ni ojú mi là. Mo gbé máìkì kan sí ojú tí bàbá ń fi kọ̀ǹgọ́ lù, mo gbé ìkejì sí ojú kejì, mo rò pé méjì á dára ju ọ̀kan lọ. Bí mo ṣe ṣí méjèèjì pọ̀, ṣe ni ìlù rù kangẹ. Olùkọ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bí kọ̀ǹgọ́ bá ti awọ yìí wọnú, awọ ọ̀hún ń yọ síta ni. Wọ́n ń pa ara wọn." Ó ní kí n tẹ bọ́tìnì kan tí wọ́n ya òdo tí ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá sí, òun ló ń yí ìró máìkì kan po kí méjèèjì lè jọ máa lọ pọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, ìlù sanra padà lójú ẹsẹ̀. Bàbá, tó fi hẹ́ẹ̀dífóònù sétí, ní, "Ẹ̀ẹ́n, ó ti ń sọ̀rọ̀ wàyí."

Mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, mo wo yàrá mi. Àárín gbùngbùn ni àga mi wà. Bẹ́ẹ̀sì tó lu ògiri padà ń pàdé èyí tó ń bọ̀ níbẹ̀, wọ́n ń pa ara wọn bíi ti awọ ìlù, èmi náà sì ń fi kún un torí mi ò gbọ́ ọ. Mo sún àga. Kò ná mi ní kọ́bọ̀. Kírétì ẹyin tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri ńkọ́? Mo ti yọ ọ́ dànù, kò fìgbà kan dá ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò dúró rí.

Ìbínú mi rèé. Sítúdíò kan ṣoṣo ni, àwa méjìlélógún ni. Lọ́sẹ̀ mìíràn, wákàtí kan péré ni mo fi jókòó sídìí console, ìyẹn tábìlì ẹlẹ́bọ́tìnì tí wọ́n fi ń da ìró pọ̀, bí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ á máa kùn wọnú ohun tí a ń gbà sílẹ̀. Kíláàsì òwò orin burú jáì. Olùkọ́ ń ka ohun tó wà lójú síláìdì fún wa. COSON àti MCSN, àwọn ẹgbẹ́ tó jẹ mọ́ gbígba owó ẹ̀tọ́ orin fún olórin, ta ló ń gba owó fún ta, a ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Kíláàsì bíìtì ní tiẹ̀, YouTube ti kọ́ mi ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Tó bá jẹ́ bíìtì nìkan lẹ fẹ́, ẹ fi owó yín ra kọ̀ǹpútà tó dáa. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa gba ohùn ènìyàn àti ìlù gidi sílẹ̀, ẹ lọ, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bi wọ́n pé wákàtí mélòó lẹ máa fi dá jókòó sídìí console lọ́sẹ̀. Bí wọn ò bá dáhùn gaara, ẹ máa lọ sílé.

Máàkì tí mo fún wọn: 3.5 nínú 5. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló ni 3 nínú rẹ̀.