Ẹ ṣọ́ra fún ayùn tòkunbọ̀ ẹlẹ́yìn "idẹ" tó ń dán gbinrin yẹn

Ẹ̀yin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pákó, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ayùn àtijọ́ bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka eléyìí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà tó ń ta ayùn tòkunbọ̀ lórí WhatsApp, ọjà Sheffield, ìlú kan ní Íńgílándì tí wọ́n ti ń ṣe ayùn, ló ń pè é, ó máa ń tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ kó tó ya fọ́tò, ayùn á sì máa dán bíi dígí. ₦45,000 ló gbà lọ́wọ́ mi, ohun tó fi ránṣẹ́ ò sì wúlò fún nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ wà n'Íbàdàn níbí náà ti ra méjì lọ́wọ́ ẹ̀.

Tẹ́nọ̀n sọ́ọ̀ ni mò ń wá, ayùn tá a fi ń gé tẹ́nọ̀nì, ìyẹn orí pákó tá a máa ń kì bọ inú ihò pákó míì, ínṣì 12, eyín 14 nínú ínṣì kan, tí idẹ wà lẹ́yìn ẹ̀, mo fẹ́ fi gé tẹ́nọ̀nì àwọn àga ìrókò tí kọsítọ́mà kan gbé fún mi. Ẹ̀yin náà mọ ayùn tuntun tó kún ọjà báyìí, èyí tí ṣóńṣó eyín ẹ̀ dúdú bíi pé iná jó o, fáìlì ò ràn án rárá, tó bá ti kú ó kú nìyẹn, sísọnù ló kù. Ti àtijọ́ lèèyàn lè máa pọ́n títí ọmọ ẹ̀ á fi jogún ẹ̀, ìdí tí mo fi ń wá a kiri nìyẹn.

Nígbà tí mo bi í pé ta ló ṣe ayùn náà, ó ní "ọ̀gá mi, ilé-iṣẹ́ Warranted Superior ni, wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́." Ó yẹ kí n ti sá níbẹ̀ yẹn. Kò sílé-iṣẹ́ kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ máa ń kọ sára idẹ róbótó bí owó ẹyọ tó wà lára ọwọ́ ayùn ni, nígbà tí wọn ò bá fẹ́ kọ orúkọ ara wọn sí i, kódà Disston, ilé-iṣẹ́ ayùn ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ṣe irú ẹ̀. Ó tún ń tẹnu mọ́ "Cast Steel" tí wọ́n lù sára ẹ̀yìn ẹ̀ bíi pé orúkọ èèyàn ni. Irú irin tí wọ́n fi ṣe é nìyẹn ń sọ, irin tí wọ́n yọ́ nínú ìkòkò, ọ̀nà tí Benjamin Huntsman bẹ̀rẹ̀ ní Sheffield láàárín ọdún 1740 sí 1750, ọgọ́rọ̀ ayùn ló ní in lára, èyí tó dáa àti èyí tí ò dáa. Mo mọ gbogbo èyí o, àmọ́ dídán yẹn ti gbà mí lójú, mo tiransífà owó.

Wéébìlì dé ní páàkì, mo gbé e délé, bí mo ṣe tú bébà ara ẹ̀ ni òórùn pẹ́ńtì kọ lù mí. Mo mú mágnẹ́ẹ̀tì tí mo yọ lára sípíkà rédíò tó bà jẹ́, mo sún un mọ́ ẹ̀yìn ayùn tó pè ní idẹ, ó gbá a mú pàì! Mágnẹ́ẹ̀tì kì í gbá idẹ mú. Irin ni, ó fọ́n pẹ́ńtì aláwọ̀ wúrà sí i, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ irin eléyín ẹ̀ mọ́ ọn. Ayùn àtijọ́ tó ní irin lẹ́yìn wà lóòótọ́, iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀ dáadáa, àmọ́ kì í ṣe iye owó idẹ ni wọ́n ń tà á.

Mo fi àkísà tí mo rẹ sínú tínà nu ara irin, àwọ̀ fàdákà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ihò wẹ́wẹ́ kún ara ẹ̀ bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀ná bá jà, débi pé ó wọ ìdí eyín. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tí ihò bá wà lókè lábẹ́ ẹ̀yìn ayùn, kò pa yín lára, àmọ́ tó bá wà nídìí eyín, ojú eyín ò ní mú láéláé, eyín náà á sì máa kán. Mo ní kí n ṣáà gbìyànjú ẹ̀, mo fi pláyà tá a fi ń ya eyín lọ́tùn-ún lósì mú àkọ́kọ́, ó dúró, mo mú ìkejì, ó kán, ìkẹta kán, ìkẹrin kán, ọmọṣẹ́ mi ń wò mí, kò lè sọ̀rọ̀. Lápá orí ẹ̀ ẹ tún rí ibi tó dà bí àwọ̀ aró, ó ti fi maṣíìnì táwọn wẹ́dà fi ń gé irin ha á títí ó fi gbóná kọjá ààlà, irin ti rọ̀, ó sì ti rí wúruwùru. Ìwo ọwọ́ ẹ̀, ìyẹn ṣóńṣó igi tó yọ lára ọwọ́ ayùn, tó kán, súpà gúlù àti lẹ́búlẹ́bú pákó ló fi dí i, ó wá fi pólíìṣì bàtà pa á.

Mo pè é. Ó ní ọjà tóun bá ti tà kì í padà, ó sì bulọ́ọ̀kì mi.

Ẹ gbọ́ o, ayùn tó dógùn-ún kì í ṣe ìṣòro. Èmi ò kọ̀ èyí tó pupa bíi epo, kẹ́rósíìnì àti sáńpépà tá a fi wé igi pẹlẹbẹ, ẹ máa fà á ní gígùn, ẹ rọra yí ibi tí orúkọ wà ká, ó máa ń mọ́. Ó sàn kẹ́ ẹ ra ọ̀un ju kẹ́ ẹ ra èyí tí onísòwò ti ha tán lọ, torí ojú yín ló máa rí i bó ṣe rí gan-an. Tó bá jẹ́ pé ó ti ha á, ẹ ní kó fi fọ́tò tó yà kó tó ha á ránṣẹ́, ẹ ní kó fi fídíò hàn yín bí mágnẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣe lára ẹ̀yìn ẹ̀, kó sún fóònù mọ́ ìdí eyín lápá méjèèjì, kó sì gbé ayùn sójú látibi ọwọ́ wá sí orí bíi ẹni ń wo ìlà, kẹ́ ẹ lè rí i bóyá ó tẹ́ tàbí ó rí wúruwùru. Ti ọ̀rẹ́ mi tí kò ní idẹ lẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, ó dúró síbẹ̀, kò padà. Ayùn gidi máa ń padà sípò fúnra ẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀ láti gbowó ní páàkì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti rí ọjà, ẹ fi sílẹ̀.

Ó ti yí nọ́ńbà padà báyìí, aṣọ funfun yẹn ṣì ni o. Láàárọ̀ yìí ẹnì kan fi ohun tó wà lórí status ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, tẹ́nọ̀n sọ́ọ̀ míì, ₦60,000, ẹ wo ìwo ọwọ́ ẹ̀ lápá òsì dáadáa, ìlà dúdú tín-ín-rín kan wà níbẹ̀ tó já gba ara igi kọjá. Ẹ má rà á.