Submariner àlòkù tàbí Seamaster àlòkù: ayédèrú èwo ni òǹrajà lè tètè dá mọ̀?

Nígbà tí ẹni tó ti ń tọ́jú owó fún aago Switzerland bá rí i pé tuntun kò sí lórí àtẹ, tàbí pé agbára òun kò ká a, aago méjì ló sábà máa ń wà níwájú rẹ̀ ní ọjà àlòkù: Rolex Submariner àti Omega Seamaster Diver 300M. Bí wọ́n ṣe rẹwà lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń wọ omi dé 300 mítà, àti àwọn fíìmù tí wọ́n ti fara hàn, tọmọdé tàgbà ló ti mọ gbogbo rẹ̀, n kò sì ní fi àkókò yín ṣòfò lórí wọn. Ohun tí mo fẹ́ fi wọ́n wéra lé lórí ni ohun tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn: bí ayédèrú ṣe lè fara pamọ́ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àti ohun tí òǹrajà tí kì í ṣe oníṣẹ́ aago lè fi ojú àti etí ara rẹ̀ yẹ̀ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Seamaster ni mo ń wọ̀ báyìí. Wọ́n ti ta Submariner fún mi rí pẹ̀lú, èmi yóò sì sọ bí ó ṣe jẹ́ nígbà tí a bá dé ibẹ̀.

Àwọn àmì tó wà lóde ara

Àmì pọ̀ lára Submariner, wọ́n sì gbajúmọ̀. Lára èyí tó ní ọjọ́ inú oṣù, awò kékeré orí gíláàsì gbọ́dọ̀ sọ nọ́ḿbà ọjọ́ náà di ńlá ní ìlọ́po méjì àbọ̀. Nọ́ḿbà ìdánimọ̀ aago, tó máa ń fara pamọ́ tẹ́lẹ̀ sí ibi tí ẹ̀wọ̀n ti wọlé, ti wà báyìí lára òrùka inú tó yí ojú aago ká, níbi tí wọ́n ti fín orúkọ Rolex léraléra yípo. Adé kékeré kan sì wà tí wọ́n fi lésà fín sínú gíláàsì ní ọ̀gangan nọ́ḿbà 6, tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí. Seamaster náà ní tirẹ̀: ojú aago tí wọ́n fi seramíìkì ṣe, tí wọ́n fi lésà fín ìgbì omi sí lára, àti kókó kejì tó wà ní ọ̀gangan nọ́ḿbà 10, èyí tó wà fún títú afẹ́fẹ́ hílíọ́ọ̀mù sílẹ̀.

Nígbà kan, awò tí kò sọ nọ́ḿbà di ńlá tó ti tó láti tú àṣírí ayédèrú. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ayédèrú náà ń ka gbogbo ìtọ́nisọ́nà tí a ń kọ fún òǹrajà, wọ́n sì ń fi í tún iṣẹ́ wọn ṣe. Ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá tó ń yọ́ lọ láì fò pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí mọ́, nítorí pé aago tó ń lo bátìrì ni ọwọ́ rẹ̀ sábà máa ń fò lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ayédèrú tí wọ́n ki ẹ̀rọ oní-sípíríǹgì sí nínú ń yọ́ lọ gẹ́gẹ́ bí ojúlówó ti ń ṣe. Bí àmì kan bá kù díẹ̀ káàtó lára aago, ó dá wa lójú pé ó yẹ kí a fura sí i, ṣùgbọ́n bí gbogbo àmì bá pé, kò tíì dá wa lójú pé ojúlówó ni. Lórí èyí, aago méjèèjì jọ dọ́gba.

Ẹ̀rọ inú aago

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Ẹ̀yìn Submariner jẹ́ irin tó dí pa, kò sí àkọlé kankan lóde rẹ̀, irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un ni a sì ń fi ṣí i. Ohun tí ẹ ń fi owó gọbọi rà wà lẹ́yìn irin yẹn: ẹ̀rọ 3135 nínú Submariner ọlọ́jọ́ tí wọ́n ṣe títí di ọdún 2020, àti ẹ̀rọ 3235 nínú èyí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà. Bí ẹni tó ń tà á kò bá gbà kí a ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ni ẹ fi owó rà.

Ọkùnrin tó ta Submariner fún mi ní London kó àpótí, káàdì àti ìwé ìtọ́nisọ́nà lé mi lọ́wọ́, gbogbo àmì tí mo kà sókè yìí ló sì pé lára aago náà, títí kan adé inú gíláàsì. Nígbà tí mo ní kí a gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ aago kí ó ṣí i, ó fèsì pé aago tí wọ́n bá ti ṣí kò ṣeé gbé wọ omi mọ́, àti pé iye rẹ̀ yóò já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, òótọ́ díẹ̀ náà ló sì fi ń mú ènìyàn. Lóòótọ́ ni pé ó yẹ kí wọ́n yẹ rọ́bà tí kì í jẹ́ kí omi wọlé wò, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá yẹ, kí wọ́n sì tún dán aago náà wò lábẹ́ ìfúnpá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kékeré ni èyí jẹ́ fún oníṣẹ́ aago tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sì ba aago ojúlówó kankan jẹ́. Nígbà tí aago náà bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, tí wọ́n sì ṣí i nígbẹ̀yìn, ẹ̀dà ẹ̀rọ tí kò ti ọwọ́ Rolex wá ni a bá níbẹ̀. Ọkùnrin náà kò gbé ìpè mi mọ́ láti ọjọ́ náà. Gbájúẹ̀ tí wọ́n fi ìmọ̀ ṣe ni, ó sì dùn mí débi tí mo fi ń kọ èyí kí ó má bàa ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíràn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwòrán ẹ̀rọ tí òǹtajà fi ránṣẹ́ tẹ́ yín lọ́rùn pẹ̀lú. Nínú 3135 ojúlówó, àwọn àgbá eléyín kékeré méjì tó ń gba agbára láti ara irin tó ń yí, tí wọ́n sì ń gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ sípíríǹgì, ní àwọ̀ pupa, ṣùgbọ́n àwọn aláyédèrú ti ń kun tiwọn ní pupa, àwòrán aago kan sì ṣeé fi ta òmíràn.

Seamaster yàtọ̀ sí èyí. Yàtọ̀ sí àwọn ẹ̀dà pàtàkì díẹ̀, gíláàsì sáfáyà ni ẹ̀yìn èyí tí wọ́n ń ṣe láti ọdún 2018, ẹ̀rọ 8800 sì wà níbẹ̀ kedere fún gbogbo ojú, pẹ̀lú àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fín tí wọ́n ń yí ká láti àárín. Ẹ lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán tí Omega fúnra rẹ̀ gbé jáde, kí ẹ fi awò wò ó láìsí pé ẹnikẹ́ni ń bá yín jiyàn nípa omi.

Etí náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, ibí sì ni ìyàtọ̀ náà ti jinlẹ̀ jù. Ẹ̀rọ 3135 ń lù ní ìgbà 28,800 ní wákàtí kan, ìyẹn ìgbà mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú-àáyá. Iye kan náà gẹ́lẹ́ ni ETA 2824 ti Switzerland ń lù, ẹ̀rọ yẹn sì wọ́pọ̀ gan-an, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ń da á kọ, nítorí náà kò sí ohun tí iye ìlù lè sọ fún yín nípa Submariner. Ẹ̀rọ 8800 ti Omega ń lù ní ìgbà 25,200, ìyẹn ìgbà méje. Bí ẹ bá gbé fóònù tó ní áàpù tí ń ka ìlù aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ Seamaster kan tí òǹtajà ní 8800 ni ó wà nínú rẹ̀, tí áàpù náà sì sọ pé 28,800, ẹ dá aago padà fún un lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá sì sọ pé 25,200, ẹ ṣì ní gíláàsì ẹ̀yìn láti wò.

Ọ̀nà kan wà tí Submariner tuntun fi borí, kò sì yẹ kí n fi í pamọ́. Bí a bá yí aago kún tí a sì gbé e sílẹ̀ láì wọ̀ ọ́, 3235 yóò ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 70, 8800 fún 55, 3135 fún 48, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ bí ETA 2824 kì í ju nǹkan bí 40 lọ. Submariner tuntun tí ẹ bá yí kún ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì gbọ́dọ̀ ṣì máa ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Ìdánwò tó lágbára ni, ṣùgbọ́n ó gba kí aago ti wà lọ́wọ́ yín kí owó tó dé ọwọ́ òǹtajà. Lórí Chrono24, ọjà aago orí íntánẹ́ẹ̀tì, ètò kan wà tí ilé iṣẹ́ náà fi ń di owó mú fún ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí aago bá ti dé, ọjọ́ wọ̀nyẹn sì tó fún irú ìdánwò yìí. Ẹni tó bá wà ní Èkó tí ó sì fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òun tó wà ní London bá òun rà á gbọ́dọ̀ bẹ onítọ̀hún pé kí ó ṣe ìdánwò náà níbẹ̀, kí aago má tíì wọ bàálù.

Káàdì, ìwé, àti aago tí wọ́n jí

Ẹ má ṣe torí káàdì nìkan gbà pé ojúlówó ni aago. Káàdì Rolex ṣeé ṣe ní ayédèrú, káàdì ojúlówó sì ṣeé fi sínú àpótí aago ayédèrú. Omega ní àǹfààní díẹ̀ níbí, nítorí pé wọ́n dán aago tó bá ní orúkọ Master Chronometer wò lábẹ́ òfin METAS, àjọ ìjọba Switzerland tó ń bójú tó ìwọ̀n, títí dé agbára mágínẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ 15,000 gauss, ẹ sì lè wo èsì ìdánwò náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú nọ́ḿbà tó wà lára káàdì. Ṣùgbọ́n ohun tí èsì náà sọ ni pé wọ́n dán aago tó ni nọ́ḿbà yẹn wò. Kò sọ pé èyí tó wà lọ́wọ́ yín ni.

Ní ti aago jíjí, The Watch Register tó wà ní London ní àkọsílẹ̀ àwọn aago tó sọnù tàbí tí wọ́n jí, ẹ fi nọ́ḿbà aago náà wádìí níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ fún àwọn tó bá fẹ́ràn aago àtijọ́

Ìyìn tí mo fún Omega kò kan Seamaster tó ṣáájú ọdún 2018. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹ̀yìn wọn dí, ẹ̀rọ 1120 tó wà nínú púpọ̀ lára wọn sì ti ara ẹ̀rọ ETA wá, 28,800 náà ló sì ń lù. Bí a bá tún lọ sẹ́yìn síwájú sí i, ewu tó wà níbẹ̀ ju ti ayédèrú lásán lọ, nítorí pé wọ́n lè fi ẹ̀yà ojúlówó láti ara aago oríṣiríṣi to aago kan pọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé gbàǹjo Phillips ta Speedmaster, oríṣi aago Omega mìíràn, kan ti ọdún 1957 ní Geneva ní owó tó ju mílíọ̀nù mẹ́ta owó Switzerland lọ. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Omega fúnra rẹ̀ ló rà á, nígbà tó sì di ọdún 2023, Omega kéde pé àkójọpọ̀ ẹ̀yà ni aago náà, àti pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí àwọn tó ṣe aago bá lè kó sí irú pańpẹ́ bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí ẹni tó ń ra aago olówó ńlá ní ìgbà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Èwo ni kí ẹ wá rà?

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ aago tí iye rẹ̀ kì í sábà já wálẹ̀ púpọ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ tà á, Submariner ni. Àlòkù rẹ̀ sábà máa ń wọ́n ju iye tí wọ́n ń ta tuntun nílé Rolex lọ, nígbà tí ti Seamaster ń rẹlẹ̀ sí ti tuntun. Owó ńlá yẹn náà ló ń fa àwọn aláyédèrú sí i. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2022, Rolex ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí àwọn tó fún ní àṣẹ fi ń ta àlòkù tí òun ti yẹ̀ wò, pẹ̀lú ìdánilójú ọdún méjì, mo sì rò pé ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká àfikún owó tí wọ́n ń bù lé e kò ní kábàámọ̀.

Ẹni tó bá ń rà lọ́wọ́ ẹnì kan sí ẹnì kan, tí owó rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó fi làágùn kó jọ, Seamaster ti 2018 síwájú ni mo máa ní kí ó wá, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ lè wò ó, kí ó gbọ́ ọ, kí ó sì pinnu. Bí ọkàn yín bá ṣì wà lórí Submariner, ẹ bá òǹtajà ṣe àdéhùn pé ẹ ó pàdé níwájú oníṣẹ́ aago tí ẹ̀yin fúnra yín yàn, ní Hatton Garden, àdúgbò àwọn oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ ní London, tàbí ibòmíràn. Kí wọ́n ṣí aago náà lójú ẹ̀yin méjèèjì, kí wọ́n fi rọ́bà tuntun dé e, kí wọ́n dán an wò lábẹ́ ìfúnpá. Ẹ̀yin ni kí ẹ san owó iṣẹ́ náà, kí ẹ sì tó fi owó aago ránṣẹ́ láti orí fóònù yín, kí oníṣẹ́ náà ti kọ orúkọ ẹ̀rọ tó bá níbẹ̀ àti nọ́ḿbà aago sórí rìsíìtì fún yín.